Títún Póòsìkáàdì Ẹ̀hìngbẹ̀tì Ṣe: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Oṣù Ọ̀pẹ Dé Oṣù Èrèlé

Ọjọ́ 6, oṣù Ọ̀pẹ

Inú Bíbélì ìyá àgbà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rí póòsìkáàdì yìí nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ilé ẹbí wa ní Èkó. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e wá bá mi ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi páálí méjì há a láàrin kí ó má baà ká lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni o mọ iṣẹ́ ìwé. Bá wa tún ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣe, kí àwọn ọmọ lè rí i kí ó tó bàjẹ́ tán." Mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa ná. N kò ní tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀ lónìí." Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa rí nínú káàdì náà lọ́jọ́ yẹn.

Sẹ̀ǹtímítà 14 ni gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 9. Àwòrán Ẹ̀hìngbẹ̀tì ni ó wà níwájú rẹ̀, òpópónà etí ọ̀sà tí àwọn Òyìnbó sọ ní Marina. Ọwọ́ òsì ni ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church dúró sí, igi sì bo ìdajì rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òrùlé àti fèrèsé díẹ̀ ni ojú ń rí láàrin ewé. Ọwọ́ ọ̀tún ni omi wà, pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀ méjì tí wọ́n so mọ́ èbúté. Láàrin ṣọ́ọ̀ṣì àti omi ni àwọn ènìyàn wà: obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ru igbá, ọkùnrin kan tí ó wọ agbádá tí ó sì ṣí agboòrùn, àti ọmọdé kan tí ó dúró sójú kan tí ó ń wo ẹni tí ó ń ya àwòrán. Wọ́n fi àwọ̀ kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán: ojú ọ̀run di búlúù, ìró obìnrin kan di pupa.

Ìbàjẹ́ tí mo kà sí i lára nìyí. Ó ya ní sẹ̀ǹtímítà 3.5 láti etí òkè wá sí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Sẹ́lótéèpù méjì ni bàbá wa fi dè é nígbà kan, ọ̀kan lórí yíya náà, èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, gọ́ọ̀mù wọn sì ti pọ́n bí epo tó jóná. Igun ìsàlẹ̀ kan ti já dànù. Ní ẹ̀yìn, bébà dúdú tí ó já wá láti inú álíbọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdajì ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹnìkan sì ti ṣí sítáǹpù kúrò, tí ojú ibẹ̀ fi bó bí awọ. Bàbá wa kò ṣe búburú. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi dáàbò bo ohun tí wọ́n fẹ́ràn.

Ọjọ́ 9

Kí n tó tún nǹkan ṣe, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣe é, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣe é ni yóò sọ irú omi tàbí kẹ́míkà tí ara rẹ̀ gbà. Mo fi awò tí ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó. N kò rí àwọn tóótòòtóó tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti àwòrán inú ìwé ìròyìn; ohun tí mo rí dà bí ilẹ̀ tí oòrùn pa tí ó sán wẹ́wẹ́. Collotype nìyẹn, ọ̀nà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń fi gelatin tí wọ́n tẹ́ sórí dígí ṣe. Ní etí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Saxony ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jámánì tẹ̀ fún ayé kí ogun 1914 tó dá òwò náà dúró.

Ní ti ọdún, ẹ̀rí mẹ́ta ni ó fi ẹnu kò. Ìlà kan pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, apá kan fún ọ̀rọ̀, apá kan fún àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọdún 1902 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fàyè gba irú rẹ̀. Àkọlé iwájú pe ibẹ̀ ní Lagos, Southern Nigeria. Ọdún 1906 ni wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, ọdún 1914 sì ni wọ́n so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Nítorí náà, àárín ọdún 1906 sí 1914 ni mo fi ọkàn sí. Ṣọ́ọ̀ṣì inú àwòrán náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe èyí tí à ń rí lónìí. Ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1867 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ti ìsinsìnyí, tí ayàwòrán ilé Bagan Benjamin ya, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó di Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Igbe ọdún 1925, ọdún 1946 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní CMS lónìí tí ó gbé ojú sókè, ilé mìíràn ni yóò rí.

Ọjọ́ 14

Ìdánwò ni mo fi gbogbo ọjọ́ yìí ṣe. Mo fi ẹ̀kán omi kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ kan àwọ̀ pupa ara ìró obìnrin náà ní etí, mo sì fi bébà tí ń fa omi tẹ̀ ẹ́: ó pọ́n. Àwọ̀ náà ń ṣí. Èyí túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ fi káàdì yìí sínú omi rárá, bí a tilẹ̀ fẹ́ kí ìpọ́n ọjọ́ pípẹ́ ara rẹ̀ kúrò. Ọtí sípírítì ṣí i díẹ̀. Acetone, kẹ́míkà olómi tí ó máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù, nìkan ni kò mú nǹkan kan kúrò. Tàdáwà ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, jọ irú èyí tí wọ́n ń fi irin àti kókó tí ó ń yọ lára igi po láyé àtijọ́. Òun náà kò fẹ́ omi, nítorí pé omi a máa gbé irin inú rẹ̀ káàkiri bébà, ibi tí ó bá sì gbé e dé ni yóò máa jẹ.

Ọjọ́ 20

Sẹ́lótéèpù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá jà lónìí, ó sì gba wákàtí mẹ́fà. Ike orí rẹ̀ kò ṣòro, nítorí pé ó ti gbẹ; mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí mo mú lọ́wọ́ọ́wọ́ lórí áyọ́ọ̀nù sún un kúrò díẹ̀díẹ̀, ní ìdúbúlẹ̀, láì gbé e sókè. Gọ́ọ̀mù tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ fi rọ́bà rírọ̀ kó èyí tí ó ṣì ń fà, lẹ́yìn náà ni mo wá ń fi òwú tí mo tẹ̀ bọ acetone yí lórí èyí tí ó ti wọ inú bébà, mo sì ń ju òwú nù ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti dọ̀tí, torí pé òwú ìdọ̀tí a máa dá gọ́ọ̀mù padà síbi tí a ti mú un kúrò. Ẹnu fèrèsé ni mo ti ṣe é, a sì pa jẹnẹrétọ̀ títí mo fi dí ìgò náà, nítorí pé acetone yára gba iná.

Ibi sẹ́lótéèpù kejì, ní ọwọ́ ọ̀tún, ni ọ̀ràn ti dé. Bí ike ṣe kúrò, ó fa awọ bébà lẹ́yìn: ojú obìnrin kejì àti ẹ̀bá igbá rẹ̀ bá a lọ, ibi tí kò ju mílímítà 2 lọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó tún mú òwú. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ àjẹ̀, mo rí àbàwọ́n kékeré kan tí ó pọ́n bí gọ́ọ̀mù. Mo yí òwú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Kò yẹ̀. Gọ́ọ̀mù gbogbo yòókù ti ń yẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, èyí kò yẹ̀, mo bá gbé ọwọ́ kúrò.

Mo lọ yá tọ́ọ̀ṣì oníná-aró tí àwọn oníṣòwò fi ń wo owó ayédèrú, mo pa gílóòbù yàrá, mo tàn án sí káàdì náà. Gọ́ọ̀mù tó kù ń tàn bí ojú ológbò. Àbàwọ́n yẹn kò tàn. Ńṣe ni ó dúdú, bí tàdáwà ẹ̀yìn káàdì ṣe dúdú lábẹ́ iná kan náà. Mo wá fi awò wò ó. Àgbélébùú ni. Ìlà méjì tí ẹnìkan fi gègé fà, tí kò ga ju mílímítà 3 lọ, ní ẹsẹ̀ èbúté. Bí mo bá ti tẹra mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀kẹta pẹ̀lú kẹ́míkà tó le jù bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti fi ọwọ́ ara mi nu ohun tí wọ́n dìídì kọ.

Ọjọ́ 3, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ dé. Ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún lórí tábìlì mi láàárọ̀, káàdì náà sì ti ń ká bí èèpo igi. N kò ṣe iṣẹ́ kankan. Mo gbé e sínú ike tí ó ní ìdérí pẹ̀lú aṣọ tútù tí kò kàn án, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó rọ̀.

Ọjọ́ 11 sí 17

Ẹ̀yìn káàdì ni mo dojú kọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, òun ni mo sì bẹ̀rù jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ bébà álíbọ́ọ̀mù, tàdáwà ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ omi tí gọ́ọ̀mù álíbọ́ọ̀mù ń fẹ́ kí ó tó rọ̀. Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bó bébà dúdú náà ní gbígbẹ, ìpele kan lẹ́yìn ìpele kan, títí ó fi fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà lẹ́tà ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo po methylcellulose, ìyẹ̀fun tí a máa ń fi omi po di gọ́ọ̀mù, kí ó ki bí ẹ̀kọ tútù, kí omi inú rẹ̀ má baà sáré. Mo ń tẹ́ ẹ sórí ibi tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, mo ń ka ìṣẹ́jú 4, mo ń há a kúrò, mo ń fi bébà tí ń fa omi tẹ ojú ibẹ̀ kíákíá, kí n tó lọ sí ibi tí ó tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó gbà mí. Ní ibi méjì, tàdáwà náà tàn díẹ̀ ní etí lẹ́tà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ̀ pé èmi ni mo fà á.

Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà, ní àkọtọ́ tí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, irú èyí tí ojú wa mọ̀ nínú Bíbélì àwọn àgbà. Apá tí ó ti hàn tẹ́lẹ̀ kà báyìí: "Mo de Eko li alafia. Ile Ọlọrun ti mo nsọ fun nyin niyi." Èyí ni gbogbo ẹbí ti ń kà, òun ni ó sì mú kí a máa pe káàdì náà ní káàdì ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó ti wà lábẹ́ álíbọ́ọ̀mù ni èyí: "Nibi ti mo fi agbelebu si, li eti omi, li awa gbe sọkalẹ." Orúkọ tí wọ́n fi parí rẹ̀ kò ju lẹ́tà méjì lọ.

Mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n mi, mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, a jẹ́ pé etí omi ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ilé wò." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe rí i náà nìyẹn." Ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tí ó ya àwòrán dojú kọ, òun ni ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní Jámánì sì kọ orúkọ rẹ̀ síwájú; ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á, tí ó sì lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, mú gègé, ó sì fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Èkó. Láti ọjọ́ yìí lọ ni iṣẹ́ náà ti yí padà lọ́wọ́ mi. Ìdajì ọ̀tún káàdì, tí mo ti kà sí ibi tí kò ṣe pàtàkì, ni mo wá ń ṣọ́ jù.

Ọjọ́ 24

Yíya náà ni mo rán lónìí. Àwọn bébà mélòó kan ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di káàdì, yíya náà kò sì gba ojú kan náà kọjá nínú gbogbo wọn, nítorí náà etí kan gùn lé èkejì. Èyí ṣe mí láǹfààní. Mo se sítáàṣì àlìkámà, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fi í sáàrin àwọn ìpele náà, mo to àwọn okùn bébà padà sí ipò wọn lábẹ́ awò, mo sì fi bébà kozo ti ilẹ̀ Japan, tí ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin, gbé e lẹ́yìn. Kò kan ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Sítáàṣì ni mo yàn nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ yóò lè tú u lọ́la láì ya bébà. Ẹ wo ohun tí sẹ́lótéèpù ná wa. Mo tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ tí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ sókè àti sísàlẹ̀, mo gbé e sáàrin bébà tí ń fa omi, mo gbé irin lé e, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ 2, oṣù Èrèlé

Mo fi bébà kozo tí mo lẹ̀ pọ̀ ní ìpele mẹ́rin kún igun tí ó já, mo sì fi àwọ̀ omi kùn ún kí ó má baà máa fa ojú. Orí bébà tèmi nìkan ni mo kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ mí pé kí n ya ojú obìnrin kejì padà, nítorí pé ó ń dùn wọ́n láti rí i láìlójú. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ ojú náà. Bí mo bá ya ojú kan síbẹ̀, ènìyàn tí n kò rí rí ni mo dá, àwọn ọmọ yóò sì gbà pé òun ni. Wọ́n rò ó, wọ́n sì gbà. Àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́lẹ́ kan lórí bébà kozo tíntín ni mo fi dí ibi tó bó náà, kí funfun rẹ̀ má baà yọ jáde, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 8

Mo ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní 1,200 dpi, ìyẹn tóótòòtóó 1,200 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, tí ó fún mi ní nǹkan bí píksẹ́lì 6,600 ní gígùn àti 4,250 ní fífẹ̀. Ní ìwọ̀n yẹn, a lè rí okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ àjẹ̀, a sì lè rí i pé ọmọdé yẹn di nǹkan mú lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀dà kan ni mo fi pa mọ́ bí ó ṣe rí, láì tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Èkejì ni mo tan ìmọ́lẹ̀ sí díẹ̀ fún àwọn tí yóò gbé e kọ́ sára ògiri.

Ẹnìkan nínú ẹbí dábàá pé kí a lọ laminate káàdì náà, kí a fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ike mọ́ ọn níwájú lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ìwé ẹ̀rí. Mo bẹ̀bẹ̀ kíkankíkan pé kí a má ṣe é. Iná ẹ̀rọ náà yóò yọ́ gọ́ọ̀mù ike wọ inú bébà, kò sì sí ẹni tí yóò lè tú u mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí ni mo ti rí tí ọ̀rinrin há mọ́ sínú irú ike bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì bu láti inú wá. Àpò ike pólíẹ́sítà tí ẹnu rẹ̀ ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ni mo fi í sí, tí a fi lè rí iwájú àti ẹ̀yìn láì fọwọ́ kàn án, mo sì gbé e sínú àpótí páálí tí kò ní ásíìdì.

Ọjọ́ 15

Mo gbé ẹ̀dà káàdì náà dání lọ sí Èkó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a kẹ́yìn sí i, a sì gbìyànjú láti wo ibi tí omi wà nínú àwòrán. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti da iyanrìn dí etí ọ̀sà níbẹ̀, tí wọ́n sì la ọ̀nà ńlá gba orí rẹ̀, nítorí náà omi ti sún kúrò lójú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá fi ọwọ́ wọn ìrìn láti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí káàdì ṣe fi hàn, ìsàlẹ̀ ọ̀nà yẹn ni àgbélébùú náà bọ́ sí, níbi tí àwọn dánfó ti ń pe èrò. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀dà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì wo ibẹ̀ pẹ́.

Nígbà tí a padà délé, mo kọ ìwé pélébé tí yóò máa wà nínú àpótí: ohun tí mo yọ kúrò, ohun tí mo fi kún un, kẹ́míkà tí mo lò, ibi tí tàdáwà ti tàn nítorí mi. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tí a ó pe káàdì náà lórí àpótí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Etí omi Ẹ̀hìngbẹ̀tì, níbi tí àwọn ará ilé wa gbé sọ̀kalẹ̀."